Ìyá tó ní owó orí obìnrin kò tọ́: ìgbé ayé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ń ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ni mo bá yà ní Gbọ̀ngán láti jẹun ọ̀sán. Dòdò Ìkirè tí mo rà lọ́nà ti tán lọ́wọ́ mi tipẹ́, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Ní búkà tí mo jókòó sí, ìyá mẹ́ta ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀kan ní òun gbọ́ nínú rédíò pé òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, àti pé ìjọba yóò máa yọ owó nínú àkáǹtì gbogbo èèyàn. Èkejì ní irọ́ ni, pé àwọn tí owó wọn kéré kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ̀kẹta, tó dàgbà jù nínú wọn, kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjà owó orí yìí kì í ṣe tuntun, pé ìyá Fẹlá ti jà á ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó bí àwọn.

Ọmọkùnrin kan tó jókòó nítòsí wa, tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, gbójú sókè nínú fóònù rẹ̀. Ó béèrè bóyá ìyá Fẹlá tó kọ́kọ́ wa mọ́tò yẹn ni wọ́n ń sọ. Gbogbo búkà bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nípa obìnrin yìí kò ju mọ́tò àti Fẹlá lọ. Iṣẹ́ tó ṣe gan-an, bó ṣe kó àwọn obìnrin tó ń ta gàrí, tó ń ta ìrẹsì, tó ń rẹ àdìrẹ jọ, tí wọ́n sì mú kí ìjọba òyìnbó gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́rùn wọn, a kì í sọ ọ́ tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nínú kíláàsì

Ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 1900 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Daniel Olúmúyìwá Thomas ni bàbá rẹ̀. Ìran bàbá yìí wá láti ara àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí Sàró, tí wọ́n sì tún wá ọ̀nà padà sílé wá bá àwọn ẹbí wọn. Ẹni tí ìran rẹ̀ ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹrù ní èjìká, bóyá ìyẹn náà wà lára ohun tí kò jẹ́ kó lè wo ìyà níran.

Ní 1914, òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí iléèwé gíráámà Abẹ́òkúta gbà wọlé. Ẹ fojú inú wò ó: iléèwé tó jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ló kún ibẹ̀, ọmọbìnrin wá wọlé. Ní 1919, àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ sílùú òyìnbó, ó sì kàwé ní agbègbè Cheshire títí di 1922. Nígbà tó fi máa padà dé, ó ti ju orúkọ Frances nù. Fúnmiláyọ̀ ló ní kí wọ́n máa pe òun.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1925, ó fẹ́ olùkọ́ kan tó tún jẹ́ àlùfáà, Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì. Ọkùnrin yìí náà kì í ṣe ẹni kékeré: òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Ìjẹ̀bú-Òde ni tọkọtaya náà kọ́kọ́ gbé, kí ọkọ tó di ọ̀gá àgbà iléèwé gíráámà Abẹ́òkúta ní 1932. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n tọ́: Dólúpọ̀, Olíkóyè tó padà di mínísítà ètò ìlera, Fẹlá tí gbogbo ayé mọ̀, àti Békòlárí tó jẹ́ dókítà àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn. Ẹ rí i pé ilé yẹn kì í ṣe ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti dákẹ́.

Láti ẹgbẹ́ àwọn àńtí sí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà

Nígbà tí Ìyá Fẹlá kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1932, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú rárá. Àwọn obìnrin tó kàwé, ìyàwó olùkọ́, ìyàwó àlùfáà, ọmọ Krìstẹ́nì tí ara tù díẹ̀, ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ ọwọ́, oúnjẹ sísè, aṣọ rírán, wọ́n sì ń ṣe àpèjẹ. Ẹgbẹ́ àwọn àńtí ni ká pè é. Àwọn ìyá tó ń ta ọjà lọ́jà Ìtòkú tàbí ní Ìtà-Ẹlẹ́gà kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tó yí i padà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè fojú fò ó. Láàárín ọdún 1940 sí 1944, wọ́n mú obìnrin ọlọ́jà kan wá bá a, obìnrin tó fẹ́ mọ̀wé kà. Ó kọ́ ọ. Àwọn mìíràn gbọ́, àwọn náà dé. Kíláàsì ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀, ìyàwó ọ̀gá iléèwé jókòó, àwọn ìyá oníṣòwò náà jókòó. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ A, B, D, ọ̀rọ̀ mìíràn á bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn: bí ọjà ṣe rí, bí ọlọ́pàá ṣe ń gba ẹrù wọn, bí wọ́n ṣe ń fi owó orí dà wọ́n láàmú. Ó wá gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí nínú àpèjẹ àwọn àńtí.

Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ìjọba òyìnbó fẹ́ oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n fi òfin de iye tí wọ́n ń ta nǹkan, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn akóda ààfin sì ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin lójú ọ̀nà. Nígbà mìíràn, owó tí wọ́n ń fún wọn kò tó iye tí wọ́n rà á. Ìyá Fẹlá kó àwọn ọlọ́jà lọ bá ìjọba, ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú ìwé ìròyìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dáwọ́ ìrẹsì gbígbà dúró. Àwọn ìyá náà rí i báyìí pé bí ẹnu bá pọ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Ní 1946, wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà. Ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ obìnrin lè wọ̀, ì báà kàwé, ì báà má kàwé. Ẹgbẹ́ náà padà sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ òun tó 20,000. Láti ìgbà náà, Ìyá Fẹlá bọ́ kaba òyìnbó sílẹ̀. Ìró àti bùbá ló ń wọ̀. Yorùbá ló ń sọ níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ sì rèé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀? Gbogbo àwọn ìyá tó tẹ̀ lé e gbọ́ ohun tó ń sọ lórúkọ wọn. Òyìnbó ló ní láti wá ògbufọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó orí náà

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ irú owó orí tí wọ́n ń gbà. Lẹ́yìn tí òmìnira Ẹ̀gbá dópin ní 1914, ìjọba òyìnbó mú owó orí wọ ìlú náà ní 1918. Ọdún yẹn gan-an ni Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ nítorí owó orí náà àti iṣẹ́ tipátipá, ẹ̀mí sì ṣòfò. Síbẹ̀ owó orí dúró. Iye tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni ṣílè márùn-ún fún ọkùnrin àti ṣílè méjì àbọ̀ fún obìnrin.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà nígbà náà, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbowó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́òkúta yàtọ̀: obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 15 ti bọ́ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọkùnrin kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ orí yẹn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bàálé ilé kan wà, ó ní ìyàwó méjì àti ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Bàálé san ṣílè márùn-ún. Ìyàwó méjèèjì san ṣílè márùn-ún pa pọ̀. Ọmọbìnrin san ṣílè méjì àbọ̀. Ilé kan ṣoṣo ti san ṣílè méjìlá àbọ̀, tó jẹ́ ju ìlọ́po méjì iye tí ọkùnrin tí kò ní ẹnì kan yóò san. Owó náà kò wo bóyá ọjà tà tàbí kò tà. Kò wo bóyá ọmọ mẹ́fà ni ìyá náà ń bọ́. Ìyá tó ní ìsọ̀ aṣọ ńlá àti ìyá tó ń gbé agbọ̀n ata kiri, ìwọ̀n ìsàlẹ̀ kan náà ni. Gbogbo wa sì mọ̀ pé nílé Yorùbá, àpò obìnrin ni owó iléèwé, owó oògùn àti aṣọ ọmọ ti máa ń jáde lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá, ẹnu ọmọ ni wọ́n ti gbà á.

Èyí tó dun àwọn obìnrin náà jù ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbà á. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn agbowó orí pé wọ́n ń já wọ ilé wọn, wọ́n ń lù wọ́n, àti pé wọ́n ń tú aṣọ lára àwọn ọmọdébìnrin láti wò ó bóyá wọ́n ti dàgbà tó láti san owó orí. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti kà. Àwọn tó ṣe é sí lara, ó ṣòro fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yàtọ̀ sí gbogbo èyí, kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu bí wọ́n ṣe máa ná owó náà. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, tó gorí oyè ní 1920, ni òyìnbó gbé gbogbo àṣẹ ìlú lé lọ́wọ́. Òyìnbó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ni gbogbo ayé rí. Ó yẹ kí n sọ ọ́ dáadáa: Aláké àti ìdílé Kútì kì í ṣe ọ̀tá láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rí. Ètò ìṣèjọba ló sọ ọba di agbowó orí fún òyìnbó, ó sì sọ àwọn ọmọ rẹ̀ di ẹni tó ń sá fún un.

Píkíníìkì tó mì ìlú

Ní 1946, ìròyìn jáde pé wọ́n tún fẹ́ fi kún owó orí obìnrin. Ẹgbẹ́ kò kọ́kọ́ lọ sójú títì. Wọ́n kọ lẹ́tà. Wọ́n rán aṣojú lọ sí ààfin. Wọ́n gba oníṣirò owó kan láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ náà wò. Wọ́n tún mú àbá wá: ẹ fagi lé owó orí obìnrin, ẹ gbowó orí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ńláńlá tó ń kó èrè lọ, ẹ jẹ́ kí obìnrin jókòó nínú ìgbìmọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ìjà nínú àbá yẹn, ọgbọ́n ìṣirò ni. Wọ́n ń sọ pé bí ìjọba bá ń wá owó, kó wá a lọ síbi tí owó wà.

Ní 1947, Ìyá Fẹlá fúnra rẹ̀ kọ̀ láti san owó orí. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì ní kó san owó ìtanràn. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rán àwọn aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá ìjọba òyìnbó sọ̀rọ̀. Òun nìkan ni obìnrin nínú wọn. Nígbà tó wà níbẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker pé ìjọba amúnisìn ti mú ipò obìnrin Nàìjíríà burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Inú bí àwọn kan nílé. Wọ́n ní ó ba ìlú jẹ́ lójú àlejò. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu wa títí dòní?

Nígbà tó padà dé, ìjọba kò fún wọn láyè láti ṣe ìwọ́de. Ó dáa, wọ́n ní àwọn ò ṣe ìwọ́de mọ́. Píkíníìkì ni wọ́n fẹ́ ṣe, àjọ̀dún ni. Ṣé òfin de àjọ̀dún ni? Kí wọ́n tó jáde, Ìyá Fẹlá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi aṣọ bo imú àti ojú bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú, àti bí wọ́n ṣe máa ju agolo rẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ 29 àti 30, oṣù kọkànlá ọdún 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tó dó sí ẹnu ààfin Aláké. Wọ́n kọrin, wọ́n fi Aláké ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n jókòó síbẹ̀ mọ́jú. Ní oṣù kejìlá, wọ́n tún padà. Láti ọjọ́ 8 títí di ọjọ́ 10, wọn ò kúrò níbẹ̀ títí tí wọ́n fi tú àwọn obìnrin tí wọ́n ti mú sílẹ̀. Ẹ rántí pé àwọn wọ̀nyí kò ní wásáàpù. Kò sí ẹni tó ṣe fídíò. Láti ìsọ̀ sí ìsọ̀, láti ẹnu ìyá kan sí ìkejì, ni ìròyìn ti lọ.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn kan gbé orò jáde láti fi dẹ́rù ba àwọn obìnrin kí wọ́n sá wọlé, nítorí obìnrin kì í rí orò. Wọ́n ní Ìyá Fẹlá já orò náà gbà, ó sì gbé e lọ sílé rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan náà pariwo mọ́ ọn pé kó pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́, ó sì bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bá ìyá tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Wole Soyinka, tí ìyá rẹ̀ wà nínú ìjàkadì náà, ti kọ nípa àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn nínú ìwé rẹ̀ Aké. Ọmọdé ni nígbà náà, ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn ìyá.

Ní 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ní ọjọ́ 29, oṣù keje ọdún náà, Aláké kúrò ní Abẹ́òkúta. Ibo ló lọ? Òṣogbo ni, tó jẹ́ olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, kò sì jìnnà sí Gbọ̀ngán tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, ó fi oyè sílẹ̀. Wọ́n fi obìnrin mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀ tuntun tó ń ṣàkóso ìlú, Ìyá Fẹlá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kabiyesi padà sílé ní ìparí ọdún 1950, ó sì gorí ìtẹ́ padà. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìṣẹ́gun náà pé pérépéré. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún lè sọ pé owó orí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí obìnrin ò gbọdọ̀ dá sí.

Ohun tí ìṣẹ́gun náà ná a

Ní 1949, ó sọ ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo Nàìjíríà. Ó rìn kiri orílẹ̀-èdè yìí, ó bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ nípa ìdìbò. Nígbà tó díje ní 1951 láti wọ ilé ìgbìmọ̀ ẹkùn, ó fìdí rẹmi. Òfin ìdìbò ìgbà náà so ẹ̀tọ́ láti dìbò mọ́ owó orí sísan, nítorí náà ọ̀pọ̀ obìnrin tó gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ owó orí kò lè dìbò fún un. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ méjì ni ìjọba yẹn mú dání: bí o bá san, ìyà jẹ ọ́, bí o kò bá san, o ò ní ohùn.

Ọkọ rẹ̀ kú ní 1955. Ní 1956 ó lọ sí Ṣáínà, ó sì pàdé Mao. Nígbà tó fẹ́ tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, ìjọba kọ̀, wọ́n ní kọ́múníìsì ni. Ní 1959, òun àti NCNC pínyà, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò jinná. Ó gba oyè ọlá Nàìjíríà ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ọlá ní 1968, ó sì gba ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin láti Rọ́ṣíà ní 1970.

Láàárín ìgbà náà, ọ̀rọ̀ owó orí tún gbiná ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà nítorí owó orí tí wọn ò lè san mọ́, owó kòkó sì ti lọ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn púpọ̀ nínú ìyẹn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ìjọba tó dín owó orí kù. Ó yẹ kí ìjọba ti kọ́ ẹ̀kọ́ lára àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ní ogún ọdún ṣáájú.

Ikú rẹ̀, gbogbo wa mọ̀ ọ́n ju ayé rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá tí wọ́n ń pè ní Kalakuta, l'Ékòó. Wọ́n dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá arúgbó ẹni ọdún 76 láti ojú fèrèsé òkè sísàlẹ̀. Kò bọ́ nínú ọgbẹ́ náà. Ó kú ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní sójà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ṣe é. Fẹlá gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba ológun, ó sì fi ṣe orin.

Ní 2012, báńkì àpapọ̀ ní àwọn fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ àti ti àwọn obìnrin méjì mìíràn sára owó ₦5,000 tuntun. Ariwo pọ̀, wọ́n sì dá ètò náà dúró. Bolanle Austen-Peters ti ṣe fíìmù nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti wò ó. Mo rò pé ẹni tó jà nítorí ṣílè méjì àbọ̀ yóò rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ owó ₦5,000 yẹn.

Kí ló kàn wá lónìí?

Ẹ jẹ́ ká padà sí búkà Gbọ̀ngán. Àwọn ìyá méjì tó ń jiyàn, èkejì ló sún mọ́ òótọ́ jù. Òfin owó orí tuntun tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025 sọ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un tí wọ́n lè gbowó orí lé kò bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún, kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀, tó jẹ́ ₦70,000, bọ́ nínú rẹ̀ náà. Ohun tó dáa ni. Àwọn obìnrin 1947 ì bá jó.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Owó orí lórí ohun tó ń wọlé nìkan ni ìdásílẹ̀ yìí kàn. Kò kan owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, owó ìsọ̀, owó ìgbálẹ̀ àti àwọn owó kéékèèké tí ọlọ́jà ń san lójoojúmọ́. Ká ní ìyá kan ń san ₦200 lójúmọ́, tó sì ń jáde ní ọjọ́ 300 lọ́dún. ₦60,000 nìyẹn. Wọ́n ní kò ní san owó orí, ó sì ti san ₦60,000. Ẹni tó ta ọjà ₦5,000 lọ́jọ́ yẹn àti ẹni tó ta ₦500,000, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n já fún. Ṣé ẹ rí i? Ṣílè méjì àbọ̀ ló tún pààrọ̀ aṣọ.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó fún ìjọba. Ìyá Fẹlá náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Títì, iléèwé àti ìlera, owó ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Ohun tó béèrè ni pé kí ẹrù wúwo lórí ẹni tó lágbára láti gbé e, kí wọ́n fi ìwé ìnáwó han ẹni tó sanwó, kí ẹni tó ń sanwó sì jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí wọ́n ka gbogbo owó kéékèèké tí ìdílé kan ń san lọ́dún, kí wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan tó bá iye tó ń wọlé mu. Kí wọ́n máa já rìsíìtì tó lórúkọ. Kí wọ́n fi àwọn ìyá ọlọ́jà sínú ìgbìmọ̀ tó ń fi iye lé owó náà, kì í ṣe ọjọ́ ìbò nìkan la ó máa wá wọn lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí nínú bọ́ọ̀sì àti nínú ọ́fíìsì, ẹ bi ìyá yín lálẹ́ òní iye tó ń san lọ́jà lóòjọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà Abẹ́òkúta ṣe bẹ̀rẹ̀: obìnrin tó kàwé jókòó ti obìnrin tó ń tajà, ó sì gbọ́ ohun tó ń sọ.